Bí Mo Ṣe Ru Èlùbọ́ Kọjá Ilẹ̀kùn Oníkáàdì Yín

Ṣakí,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Kamọ̀rú, Àjàní, bàbá mi,

Asalaamu alaekun. Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, torí mo mọ̀ pé ó le. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kì í lágbára láti máa wo fóònù ìyá rẹ̀ níran títí yóò fi dún tán. Mo pè ọ́ láàárọ̀, mo pè ọ́ lọ́sàn-án. Mo wá fi fóònù àbúrò rẹ pè ọ́, o gbé ìyẹn, o gbọ́ ohùn mi, o ní haló, haló, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, o sì pa á. Èmi ni mo bí ọ o. Mo mọ ohùn rẹ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí o bá ń purọ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Ó ti pẹ́ tí mo kọ irú rẹ̀ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní pírámárì kò lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di báírò mú. Awakọ̀ tó ń ná Ìsẹ́yìn ni yóò gbé e wá, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í lé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀, ẹnu mi ló gùn. Mọ́ńdé tó ń bọ̀ yìí ni àwọn ọ̀gá yín máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Sàká tó ń ṣọ́ géètì yín. Bí wọ́n bá fi lé bàbá àgbàlagbà yẹn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, á jẹ́ pé torí pé wọ́n ní bàbá náà ló ṣílẹ̀kùn fún mi ni. Bàbá Sàká kò sì ṣílẹ̀kùn kankan fún mi. Èmi mọ̀, ìwọ mọ̀, síbẹ̀ ẹnu rẹ ni irọ́ náà ti jáde níwájú mi. Ó dùn mí gan-an ni, Kamọ̀rú. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti fi bẹ́ẹ̀ wọlé sí mi lára.

Nígbà tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irúgbìn yẹn, tí wọ́n ní ìwọ ni wàá máa mójú tó gbogbo ilẹ̀kùn oníkáàdì wọn, ta ni kò gbọ́ lẹ́nu mi ní gbogbo àdúgbò wa? Nígbà tí o wálé ọdún Iléyá, o fi káàdì náà kọ́rùn lọ sí yídì. Àbúrò bàbá rẹ obìnrin bi mí bóyá àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n fún ọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O jókòó sáàárín wọn, o ń ṣàlàyé pé èèyàn á kàn mú káàdì náà súnmọ́ ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri, kò tiẹ̀ ní láti kàn án, ẹ̀rọ á dún, ilẹ̀kùn á ṣí. O ní ẹni tí kò bá ní káàdì kò lè wọlé, bó ti wù kó lágbára tó. Gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Èmi náà la tèmi.

Ìgbà tí àwọn àlejò lọ tán ni o wá sọ òótọ́ fún mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. O ní káàdì àtijọ́ ni wọ́n rà. O ní káàdì yẹn kò lọ́gbọ́n, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ara ògiri bá bi í pé ìwọ ta ni, á sọ nọ́ńbà náà. Bí ẹ̀rọ míì tí ẹnì kan fi pamọ́ sínú báàgì bá sì bi í léèrè níbi tí ẹ ti fún mọ́ra nínú mọ́tò, á tún sọ ọ́ fún ìyẹn náà. Onítọ̀hún á wá kọ nọ́ńbà náà sára káàdì tirẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, torí ìwọ náà nìyẹn nígbà tí o wà ní kékeré, ẹni tó bá bi ọ́ ní ohun tí a jẹ nílé ni wàá sọ fún. Mo bi ọ́ bóyá o ti sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ. O ní o sọ fún máníjà, ó ní èyí tó dáa ti wọ́n jù, kí o má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. O wá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ó yẹ kí n ti bá ọ wí, ṣùgbọ́n ọdún là ń ṣe.

Ó dáa, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wọlé, torí ìbínú ò jẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ilé iṣẹ́ yín, mo ru báàgì èlùbọ́ tí mo ṣe fún ọ. Bàbá Sàká dìde, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n bi mí ní ẹni tí mo wá rí. Mo ní ìyá Kamọ̀rú ni mí. Wọ́n ní háà, ẹ kú ewu ọ̀nà, ṣùgbọ́n òfin tí ọmọ yín ṣe fún wa ni pé àlejò ò gbọdọ̀ wọlé àfi tí ẹni tó wá kí bá jáde wá mú un. Wọ́n fún mi ní àga tiwọn, torí kò sí òmíràn níta yẹn. Mi ò jókòó. Tí mo bá sọ ẹrù kalẹ̀, ta ni yóò bá mi gbé e padà sórí? Wọ́n pè ọ́, o ò gbé e. Ó jọ pé fóònù tí a kì í gbé yìí ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Wọ́n tún pè ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fọn fèrè ní géètì ńlá, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n mú sùúrù, wọ́n sáré lọ ṣí i.

Èmi wà níbẹ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ni ọmọbìnrin kan tó ń bá yín ṣiṣẹ́ bá dé, Sàúdátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlerò ni. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú oòrùn. Kí n tó dáhùn, ó ti sọ ẹrù kúrò lórí mi, ó ti gbé ìbàdí tí káàdì rẹ̀ wà súnmọ́ ẹ̀rọ ara ògiri, nǹkan dún kín-ín, a ti wọlé. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Kí ló fẹ́ bi mí? Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa á rí ìyá àgbàlagbà tó ru ẹrù, á wá máa bi í pé káàdì yín dà?

Ní ilẹ̀kùn kejì, ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ jígí ló ń jáde bọ̀. Ó rí wa, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn mú, ó tẹrí ba títí a fi kọjá. Wọ́n pe Sàúdátù níbẹ̀, ó ní kí n dúró díẹ̀, òun ń bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni oníjígí yẹn ló bá mi gbé ẹrù padà sórí, ó ní, mama, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe dúró sí kọ́rídọ̀ yẹn ni wọ́n mú iná lọ. Mo gbọ́ kọ́! lára ilẹ̀kùn tó wà ní ìparí, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn tútù sì jáde wá fẹ́ sí mi lójú. Kamọ̀rú, mo ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Mo rò pé ibi tí ẹ ti ń gba àlejò ni. Mo wọlé, mo sọ èlùbọ́ sórí àpò kan, mo jókòó sórí èkejì, mo bọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ mi lè sinmi. Ìgbà tí iná dé ni ilẹ̀kùn bá pa dé, gbà! Mo tì í, kò mira. Nǹkan kan wà lára ògiri tó ń tàn àwọ̀ ewé, o sọ fún mi nígbà tí ẹ ṣílẹ̀kùn pé òun ni ǹ bá tẹ̀ láti fi jáde. Èmi rò pé ti iná ni. Mi ò kì í fọwọ́ kan nǹkan nílé onílé. Mo fi gèlè bo èjìká, mo fi híjáàbù bo gèlè, mo ń ka àdúrà lasimi, òtútù sì ń mú mi títí dé egungun.

Ìyókù ṣojú rẹ. Mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ò ń sọ fún Àlháájì tó ni ilé iṣẹ́ pé yàrá yìí ni wọ́n ń kó irúgbìn tó ṣe iyebíye jù sí, pé láyé yìí, ìwọ àti máníjà nìkan lẹ lè wọ ibẹ̀. O fi káàdì rẹ hàn án, ẹ̀rọ dún, ilẹ̀kùn ṣí. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ máa wọlé." Kí ni kí n tún sọ? Èmi ni mo ṣáájú yín débẹ̀. Àlháájì ti dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì kó tó rántí pé òun ló ni ilé. Máníjà ń wo bàtà mi. Ìwọ, ojú rẹ funfun bí èlùbọ́ tí kò tíì bọ́ sómi gbígbóná.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, à bá jọ máa fi rẹ́rìn-ín títí ọdún Iléyá míì. Ṣùgbọ́n Àlháájì béèrè pé, "Ta ló ṣílẹ̀kùn fún mama?" Ìwọ ọmọ mi, tí mo fi ọmú mi bọ́, o ní, "Bàbá tó wà ní géètì ni, sà." O ò tiẹ̀ ronú. Mo la ẹnu, máníjà ti ń mú mi lápá lọ síta, wọ́n ti fún mi ní mọ́ọ̀tì mu, wọ́n ń pè mí ní mama, mama, títí mo fi bá ara mi nínú mọ́tò Ṣakí. Sàúdátù ló wá nọ́ńbà mi rí, ó pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ń sunkún. Ó ní wọ́n ti ní kí Bàbá Sàká máa lọ jókòó sílé títí di Mọ́ńdé, pé òun fẹ́ sọ òótọ́, ẹ̀rù ló ń ba òun.

Ìmọ̀ràn mi nìyí o. Mà á fi nọ́ńbà sí i kí o lè rántí.

Èkíní, Àjàní, má sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín pé kí wọ́n máa lé àgbà. Mo mọ̀ pé o ti ń gbèrò ẹ̀. Wàá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ di ilẹ̀kùn mú fún ẹnikẹ́ni. Kò ní ṣiṣẹ́. Ní Òkè-Ògùn níbí? Wọ́n á ka ìwé náà, wọ́n á gbọ́ ọ yé, wọ́n á tún rí ìyá oníjọ̀gbọ̀n bí èmi nínú oòrùn, wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Olè tó bá sì gbọ́n, ó kàn máa wá ẹrù kan rù ni, tàbí kó tẹ ọ̀pá, kó máa wúkọ́ bí arúgbó. Ohun tí o máa ṣe ni kí o kọ́ àtíbàbà síta, kí o gbé àga sí i, àga tó pọ̀, kí omi tútù wà níbẹ̀, kí ẹnì kan sì wà tí yóò máa bá èèyàn sọ ẹrù. Bí mo bá ti ríbi jókòó, tí mo ti mumi, kí ni màá wá dé kọ́rídọ̀ yín? Àwọn òṣìṣẹ́ náà á wá lè kúnlẹ̀ kí mi, kí wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó síbí, mò ń lọ pè é fún yín, kí wọ́n sì wọlé láìmú mi dání. Kò sẹ́ni tó máa pe ìyẹn ní àfojúdi.

Èkejì, dá bátìrì padà sídìí ilẹ̀kùn. O rò pé mo ti gbàgbé? Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi lórí fóònù, nígbà tí o ṣì ń gbé fóònù, pé irin òòfà ló ń di àwọn ilẹ̀kùn yẹn mú, pé tí iná bá lọ, òòfà á tú u sílẹ̀, àti pé bátìrì ló yẹ kó máa dì í mú títí iná yóò fi dé. O ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ pé o ti yọ bátìrì yàrá irúgbìn fún fáànù máníjà, torí ooru. Mo gbà pé bí iná bá ń jó ilé, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ lè ṣí kí èèyàn ríbi sá. Ṣùgbọ́n báwọn oníná wa ṣe rí yìí, tí o bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn láìní bátìrì, àwọn gan-an ni aṣọ́nà yín, wọn ò sì tiẹ̀ mọ̀. Kí máníjà lọ ra abẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti káàdì àwọn tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Sàúdátù sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òun kan tó ti fẹ́ ọkọ lọ sí Ìgànná ṣì ń fi káàdì rẹ̀ wọlé wá mu omi tútù lọ́jọ́ ọjà. Kò jí nǹkan kan, omi ló ń mu, ṣùgbọ́n, Kamọ̀rú, pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ nínú ẹ̀rọ. Kó máa mu omi níta lábẹ́ àtíbàbà.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ẹ̀karùn-ún, mi ò mọ èwo mọ́, ni pé kí o sọ fún Àlháájì ohun tí o sọ fún mi nídìí abọ́, pé ẹ̀dà káàdì yẹn rọrùn láti ṣe, pé ẹ gbọ́dọ̀ ra irú èyí tí kò ní máa sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún gbogbo ayé. Kọ ọ́ sínú ìwé, fọwọ́ sí i. Má dúró dìgbà tí olè gidi bá débẹ̀. Èmi ti débẹ̀ báyìí, èlùbọ́ sì ni mo gbé wá, mi ò mú nǹkan kan jáde.

Wàyí o, fi ìyẹn sílẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ fún ọ. O ò tíì tó mọ̀ nígbà náà. Bàbá rẹ ra ọ̀kadà tuntun, ó ra ṣéènì àti àgádágodo ńlá fún un. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pè wá wo àgádágodo yẹn. Ní alẹ́, ó so ọ̀kadà náà mọ́ igi ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìn ilé. Igi ìbẹ́pẹ! Ilẹ̀ mọ́, a bá igi nílẹ̀, wọ́n ti gé e, ọ̀kadà ti lọ tòun ti ṣéènì tòun ti àgádágodo. Olè náà tilẹ̀ ṣa ìbẹ́pẹ tó pọ́n jọ sójú kan fún wa. Mo jẹ nínú ẹ̀, ó dùn.

Ojú ti bàbá rẹ. Kàkà kó sọ fún àwọn èèyàn pé ìbẹ́pẹ lòun so ó mọ́, ó ní kápẹ́ńtà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló jí i, torí pé ọkùnrin yẹn ló ní ayùn ládùúgbò. Ó pè é lẹ́jọ́ níwájú baálé. Ọkùnrin náà fi Kùránì búra, àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ò gbà á gbọ́. Wọn ò gbéṣẹ́ fún un mọ́. Ó kó ìyàwó àtọmọ, ó gba Kíṣí lọ. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọ̀kadà náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò mọ kápẹ́ńtà rí rárá. Bàbá rẹ ní òun máa lọ sí Kíṣí lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ ọ́ lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, lẹ́yìn òjò, kò lọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ, kápẹ́ńtà náà wá láti Kíṣí. Ó tò sẹ́yìn láàárín àwọn tó kírun jánásà, ó kí mi, ó sì lọ. Mi ò lè wo ojú rẹ̀, Kamọ̀rú. Títí di òní, tí mo bá rántí, ara mi á bù máṣọ.

O jọ bàbá rẹ púpọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá rẹ, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n má jọ ọ́ níbi tí mo wí yìí.

Ní Mọ́ńdé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, dìde. Má dárúkọ Sàúdátù, jẹ́ kó fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ó ti ní bí o bá ti sọ̀rọ̀, òun náà á sọ̀rọ̀. Ìwọ sọ pé Bàbá Sàká dá mi dúró gẹ́gẹ́ bí òfin, pé o ò gbé fóònù wọn, pé ìwọ lo yọ bátìrì, pé o sì bẹ̀rù nígbà tí Àlháájì bi ọ́. Bí wọ́n bá torí rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wálé. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lásán la fi ń ṣí i. O ṣì kéré, wàá rí iṣẹ́ míì. Bàbá Sàká ò ní rí òmíràn.

Mo ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, mò ń bọ̀ ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Tí mo bá bá Bàbá Sàká lórí àga wọn, mà á kí wọn, mà á fún wọn ní èlùbọ́ tí mo dì fún wọn, mà á padà sílé láì wọ inú ọgbà yín. Tí mi ò bá bá wọn níbẹ̀, yàrá ìpàdé yẹn ni mò ń bọ̀ tààrà, mà á sì ru ẹrù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.